Ohùn Òǹkàwé Lórí Ìtàn Àròsọ Yorùbá Tuntun: Láti Ìgbà Sẹ̀gilọlá Títí Di Òde-Òní

Ifáárà

Bí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tuntun bá jáde, ọ̀nà tí ó ń gbà kò pọ̀. Wọn yóò kó o jáde níbi ayẹyẹ, níbi tí olùyẹ̀wéwò yóò ti yin òǹkọ̀wé níwájú àwọn tí ó wá náwó fún un. Lẹ́yìn èyí, òǹkọ̀wé yóò máa retí kí ìwé náà bọ́ sínú àwọn ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò. Bí ó bá bọ́ sí i, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò rà á. Bí kò bá bọ́ sí i, inú páálí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ yóò máa gbé. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jùlọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sọ ní gbangba ohun tí ó rò nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Òǹkọ̀wé tí kò gbọ́ ohùn òǹkàwé kò lè mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ ti mú ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ibi tí ó ti sú ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ohùn òǹkàwé wà lára ohun tí ó bí ìtàn àròsọ Yorùbá, pé ibi tí ohùn náà ti rí ọ̀nà ni ìtàn àròsọ ti ta gbòǹgbò, àti pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ jùlọ lóde òní. Àpẹẹrẹ mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí yóò tọ́ka sí kí ó tó sọ ohun tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì.

Òǹkàwé Nínú Ìmọ̀ Lítíréṣọ̀

Kí ìwé títẹ̀ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìtàn tí kò ní olùgbọ́ tí ń fèsì. Apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ àfi bí àwọn ọmọdé bá dáhùn. Àwọn kan náà ni yóò gbe orin àlọ́ fún un. Bí wọ́n bá ń tòògbé, yóò gé ìtàn kúrú. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, yóò fi iyọ̀ sí i. Èyí fi hàn pé ojú-ẹsẹ̀ ni apàlọ́ ń mọ èrò àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìtàn di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé, ojú òǹkọ̀wé kò tó ojú òǹkàwé mọ́. Ìdáhùn tí ó ti máa ń wá lójú-ẹsẹ̀ wá di ohun tí a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn fún.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè náà ti gbé ọ̀rọ̀ òǹkàwé yẹ̀ wò. Ní ọdún 1938, Louise Rosenblatt tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti sọ pé ìtumọ̀ iṣẹ́ lítíréṣọ̀ kò sí nínú ìwé nìkan, kò sì sí lọ́kàn òǹkàwé nìkan, bí kò ṣe níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Ní ilẹ̀ Jámánì, láti ìparí àwọn ọdún 1960 wá, Hans Robert Jauss ṣe àlàyé pé ìrètí kan ń bẹ lọ́kàn òǹkàwé kí ó tó ṣí ìwé, àti pé ìwé tuntun lè bá ìrètí náà mu, ó sì lè yí i padà. Wolfgang Iser ní tirẹ̀ sọ pé àlàfo máa ń wà nínú gbogbo ìtàn, òǹkàwé ni ó sì ń dí i. Ẹni tí ó bá ti rí ìjókòó àlọ́ rí kò ní rí èrò wọ̀nyí bí àjèjì. Ohun tí apàlọ́ mọ̀ tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìwádìí gbé kalẹ̀.

Ní ọdún 1938 yìí kan náà ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ yìí tó dé ọ̀dọ̀ Fágúnwà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà sí ìlú Èkó.

Sẹ̀gilọlá Àti Àwọn Òǹkàwé Akéde Èkó

Láti oṣù keje ọdún 1929 sí oṣù kẹta ọdún 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà kan jáde ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní òun ti fi ẹwà òun jayé pẹ̀lú ọkùnrin púpọ̀, àìsàn sì ti wá gbé òun dè. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi ìgbésí ayé òun kọ́gbọ́n. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó fi àwọn àdúgbò Èkó, orin ìgbà náà àti ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ará ìlú há inú ìtàn náà, tí ó fi dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ojú ayé ni.

Ohun tí àwọn òǹkàwé ṣe ni ó kan kókó ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò kà á kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú, olóòtú sì ń tẹ lẹ́tà wọn jáde. Àwọn kan bá Sẹ̀gilọlá kẹ́dùn. Àwọn kan yin ọ̀nà tí ó ń gbà sọ ìtàn rẹ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ pàápàá wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà pé aláìsàn náà wà láàyè. Nígbà tí ó di ọdún 1930, ìtàn náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ti gbà pé òun ni ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe àlàyé kíkún lórí bí ìwé ìròyìn àti àwọn òǹkàwé rẹ̀ ṣe kópa nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ojú ewé kan náà ni ìtàn àti èrò òǹkàwé jọ wà. Ẹni tí ó ka ìtàn lọ́sẹ̀ yìí lè ka èrò ẹlòmíràn lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kí òun náà sì mú kálámù. Èkejì ni pé òǹkàwé lè ṣìnà. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí Sẹ̀gilọlá kò mọ̀ pé àròsọ ni. Síbẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ sọ òótọ́ kan fún òǹkọ̀wé: ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ ti múná dóko. Nítorí náà, èrò òǹkàwé kò ní láti tọ̀nà kí ó tó wúlò.

Fágúnwà: Ìwé Tí Ó Kó Olùgbọ́ Sínú Ara Rẹ̀

Ọ̀nà tí Fágúnwà gbà yàtọ̀. Kò ní ìwé ìròyìn lọ́wọ́, nítorí náà ó kó àwọn olùgbọ́ sínú ìtàn fúnra rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni Àkàrà-ògùn kọ́kọ́ ń sọ ìtàn fún, ẹni náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa padà wá, àwọn aládùúgbò ti gbọ́, wọ́n sì ti pé jọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i. Fágúnwà mọ̀ pé ìtàn tí kò ní èrò lẹ́yìn kò tíì di ìtàn, ó sì fi èyí hàn nínú àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀.

Ilé-ìwé ni ó gbé àwọn ìwé Fágúnwà dé ibi gbogbo. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Nígbà tí òǹkọ̀wé náà fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, àwọn tí ó ti kà á ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di olùkọ́. Èrò tí ó wọ́pọ̀ jù lórí àwọn ìwé wọ̀nyí láti ìgbà náà wá pín sí ọ̀nà méjì. Gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín fún ìlò èdè: àsọdùn tí ń pa ni lẹ́rìn-ín, àwítúnwí tí ó ní ìlù nínú, orúkọ àwọn iwin tí kò ṣe é gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ráhùn pé ìwàásù pọ̀ nínú rẹ̀, pé òǹkọ̀wé máa ń dá ìtàn dúró kí ó lè gba òǹkàwé nímọ̀ràn. Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tí ó kọ lórí Fágúnwà ní ọdún 1974, gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rí láti inú àwọn ìwé náà. Ohun tí òǹkàwé lásán ń rò ni lámèyítọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí ó sọ Fágúnwà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká náà ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí kò tíì tán. Ìwé di ohun tí wọ́n ń kà nítorí ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn ìmọ̀ràn Fágúnwà lórí. Kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ìmọ̀ràn kan gùn jù.

Òkédìjí Àti Ìṣọ̀lá: Nígbà Tí Ìfẹ́ Òǹkàwé Yí Padà

Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1960, ìrètí àwọn òǹkàwé ti ń yí padà. Àwọn tí ó ti gbé ní ìgboro fẹ́ ìtàn ìgboro. Olówólaiyémọ̀ tí Fẹ́mi Jẹ́bọ̀dà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1964, ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà náà, nítorí kò sí iwin nínú rẹ̀, ìṣòro ẹ̀dá ni ó dá lé. Ní ọdún 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ni ó ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú àwọn ìwé méjèèjì. Àwọn lámèyítọ́ ti tọ́ka sí i pé irú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àfarawé lásán ni Òkédìjí ṣe. Ó mọ ohun tí àwọn òǹkàwé ń wá lọ sínú èdè mìíràn, ó sì gbé e wá fún wọn nínú èdè wọn, pẹ̀lú òwe àti àwàdà tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní tirẹ̀ kọ Ó Le Kú, tí ó jáde ní ọdún 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó wà láàrin Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àṣẹ òbí àti àìlèpinnu ọkùnrin ni ó dá lé. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé yìí tí kò ní ẹni tí ó ń bá wí. Àwọn kan ní Àjàní ni ó jẹ̀bi. Àwọn kan ní ìyá rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ìgbà ni ó yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1997, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, àríyànjiyàn náà tún bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn tí kò tilẹ̀ ka ìwé rí. Àwọn obìnrin ń rán ìró àti bùbá kúkúrú tí wọ́n rí nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pe irú aṣọ náà ní Ó Le Kú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé ìtàn àròsọ dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Èyí dé ibẹ̀ nítorí pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Bí àwọn àpẹẹrẹ mẹ́rin wọ̀nyí bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun kan hàn gbangba. Ìwé ìròyìn ni ó gbé ohùn òǹkàwé Thomas. Ilé-ìwé ni ó gbé ti Fágúnwà. Ìfẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ní sí ìtàn ìgboro ni Òkédìjí tẹ̀ lé. Fíìmù ni ó jí ti Ìṣọ̀lá dìde. Òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí èrò òǹkàwé ń gbà wọlé tọ̀ ọ́.

Ipò Tí Ìwé Tuntun Wà

Kò sí ìdí láti sọ pé àwọn òǹkọ̀wé ti tán. Ìwé tuntun ṣì ń jáde. Láti ọdún 2020 ni ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ń darí, ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún iṣẹ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ohun tí ó ń dín kù ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ìwé. Ìdí mẹ́ta ni ó hàn jùlọ.

Èkíní, olùyẹ̀wéwò ọjọ́ ìkówèéjáde kò lè sọ òótọ́ tán, nítorí ọjọ́ ìdùnnú ni, àlejò sì wà níkàlẹ̀. Ìyìn rẹ̀ kì í ran ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ra ìwé náà lọ́wọ́.

Èkejì, ìwé ìdánwò ń gba ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń ka àkékúrú ìtàn àti ìdáhùn àwòṣe dípò ìwé gan-an. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè dárúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè pé èwo nínú wọn ni ó bí i nínú, kò ní ìdáhùn.

Ẹ̀kẹta, àwọn tí ó lè kà á kò pọ̀ sí i bí ó ti yẹ, ètò ìjọba lórí èdè kò sì dúró sójú kan. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Lítíréṣọ̀ tí ó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ bí ìjọba bá ti ń yí ọkàn padà. Ẹni tí ó ka ìwé nítorí pé ó wù ú nìkan ni kò ní dúró de àṣẹ ìjọba.

Iṣẹ́ Olùkọ́ Lórí Ìwé Tuntun

Olùkọ́ kò lè tẹ ìwé ìròyìn, kò sì lè ya fíìmù, ṣùgbọ́n ó ní ogójì òǹkàwé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣe é ṣe láti gbọ́ ohùn wọn nìyí.

Kí olùkọ́ yan ìwé tuntun kan tí kò sí nínú ìwé ìdánwò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní sáà. Bí ẹ̀dà kò bá pọ̀, kí ó máa ka orí kan sókè ní kíláàsì lọ́sẹ̀ bí apàlọ́. Kí ó má kọ́kọ́ ṣe àlàyé. Kí ó jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ná. Lẹ́yìn náà ni kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ibo ni ìtàn náà ti mú ọ lọ́kàn jùlọ, ojú ewé wo sì ni? Ibo ni ó ti sú ọ, kí ni ó sì fà á? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan bá ọjọ́ orí àti ipò rẹ̀ mu, àbí òwe àgbà ni ọmọ ogún ọdún ń pa? Ǹjẹ́ ìparí rẹ̀ wá láti inú ìtàn, àbí òǹkọ̀wé kàn fẹ́ kọ́ wa lọ́gbọ́n?

Ìbéèrè wọ̀nyí rọrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ibi tí ó ti ń sọ pé ìwé kan dára lọ sí ibi tí ó ti ń fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìfìwàwẹ̀dá, ìlò èdè àti àhunpọ̀ ìtàn tí ètò ẹ̀kọ́ là sílẹ̀ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ náà nígbà tí ó bá ti nílò wọn.

Àwọn ohun mẹ́ta ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Kò gbọ́dọ̀ sọ èrò ti ara rẹ̀ ṣáájú, nítorí gbogbo kíláàsì ni yóò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ fi ìbò parí àríyànjiyàn, nítorí èrò ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀rí lè ṣe pàtàkì ju ti ogún ènìyàn lọ. Kò sì gbọ́dọ̀ bá ọmọ wí nítorí pé kò fẹ́ràn ìwé àgbà. Ọmọ tí ó sọ pé ìwàásù inú ìwé kan gùn jù kò rí àgbà fín. Ó ti kà á ni.

Lẹ́yìn ìjíròrò, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ojú ewé kan, ní àkọtọ́ òde-òní, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye. Kí wọ́n lẹ àwọn tí ó dára mọ́ ara ògiri, kí àwọn kíláàsì mìíràn rí i kà. Kí wọ́n fi méjì tàbí mẹ́ta, tí ìyìn àti àríwísí wà nínú wọn, ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ ìwé náà. Lẹ́tà tí òǹkọ̀wé bá gbà láti ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò sọ fún un ohun tí ìyìn ọjọ́ ìkówèéjáde kò lè sọ.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ gan-an, ibẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí kò ka ìtàn àròsọ tuntun kan rí láti ọwọ́ ara rẹ̀ kò lè mú ọmọ kankan ka òmíràn. Àwọn olùkọ́ni lè sọ àyẹ̀wò ìwé tuntun di ara iṣẹ́ àṣetiléwá fún máàkì. Wọ́n lè fi í ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá pẹ̀lú, kí àkọlé má baà máa yí po lórí ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún tí gbogbo ènìyàn ti kọ nípa wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìtàn àròsọ Yorùbá kò dá dúró rí láìsí ohùn àwọn tí ń kà á. Akéde Èkó fún ohùn náà ní ojú ewé. Fágúnwà sọ ọ́ di ara ìtàn. Òkédìjí tẹ̀ lé ibi tí ó ń lọ. Ìṣọ̀lá rí i bí ó ti jáde sí ìgboro. Bí ìwé tuntun bá ń jáde lónìí tí kò sí ẹni tí ń dáhùn, kò yẹ kí ẹ̀bi lọ sí ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé nìkan tàbí ìjọba nìkan. Bí apàlọ́ bá pe àlọ́ tí ilé dákẹ́, yóò ká ẹní rẹ̀ lọ sùn. Olùkọ́ ni ó sún mọ́ àwọn tí ó lè dáhùn jù, ìwé kan lẹ́ẹ̀kan ní sáà sì tó láti bẹ̀rẹ̀.